Ọjọ́ Mẹ́ta Lójú Ọ̀nà Pẹ̀lú Jẹ́jẹ́

"Èwo nínú yín ló fẹ́ kọ́ ọkọ̀, ẹ̀yin ni àbí ajá yìí?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà bá ọkùnrin náà sọ nìyẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan tí wọ́n to táyà àtijọ́ yí ká. Obìnrin náà fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń mu tíì nínú ife onírin. Ọkùnrin náà dúró níwájú rẹ̀, ó di okùn ajá mú, ajá náà sì ti jókòó lé e lẹ́sẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ ọkọ̀ nínú wa," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ẹni tó máa gbé àwa méjèèjì lọ la ń wá."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, tíì sì dà sí i láṣọ.

Atúnaagoṣe ni ọkùnrin yìí. Bọ̀dá Aago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, kò sì níyàwó. Yàrá kan ló ń gbé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú yàrá náà, òun àti ajá rẹ̀ nìkan ló sì wà níbẹ̀, láàárín aago ara ògiri tí kò sí méjì tí ohùn wọn bára mu. Abo ni ajá náà, ó tóbi bí ọmọ màlúù, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Jẹ́jẹ́.

Obìnrin náà ní tirẹ̀, ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ rèé tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ìyá Bíréèkì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń pariwo jù nìyẹn. Kò bímọ. Òun àti bàbá rẹ̀ tó ti dàgbà ló jọ ń gbé nílé bàbá náà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" ó béèrè.

Ọkùnrin náà sọ fún un. Ìlú etíkun ni, ìrìn-àjò ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń gbé níbẹ̀. Ó ti pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ wá bá òun gbé, òun ti kó ẹrù kúrò nínú yàrá iwájú kó lè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹrù rẹ̀ ti ṣáájú lọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó wá ku òun àti Jẹ́jẹ́, kò sì sí ọkọ̀ èrò tó fẹ́ gba ajá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ó wù yín láti lọ?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí àwọn òbí wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pọ̀n mí lọ síbi iṣẹ́, títí ẹsẹ̀ mi fi fẹ́ẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Ẹnu wo ni màá fi sọ fún un pé kò wù mí?"

Obìnrin náà wo ajá. "Ṣé kì í bì nínú ọkọ̀?"

"Kò wọ ọkọ̀ rí."

"Hẹn-ẹn. Kí Ọlọ́run ṣàánú wa."

Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ náà wà ní ìsinmi lọ́sẹ̀ yẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin gbà láti dúró ti bàbá. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, wọ́n gbéra.

Ogún ìṣẹ́jú kò tíì pé tí Jẹ́jẹ́ fi bì sẹ́yìn ọkọ̀.

Obìnrin náà rọra dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Kò pariwo. Ó mú rágì jáde, ó nù ún, ó sì wo ajá náà lójú bí ìgbà tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ kọlu ògiri.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá. Itọ́ ló kọ́kọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ kó tó bì. Tá a bá ti rí itọ́ báyìí, ká yáa dúró, kó sọ̀ kalẹ̀, kó gba atẹ́gùn. Ọjọ́ méjì tá a jọ sọ, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí lẹ̀ ń bẹ̀ mí sí? Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, títì ni mò ń wò, dígí ni mò ń wò, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń wò. Mi ò dúró wo igi rí."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Tí wọ́n bá ti rìn díẹ̀, Bọ̀dá Aago á yíjú sẹ́yìn, á ní, "Itọ́ o!" Obìnrin náà á wá ibi tó tẹ́jú, á sì gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgò tó ń so ní àárín pápá tí kò sí ilé kankan nítòsí. Wọ́n dúró nídìí àpáta kan tí ìkùukùu ṣì bo orí rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó bí oòrùn ṣe ń ká ìkùukùu náà kúrò díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo àpáta náà fi yọ, tó ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Wọ́n dúró létí odò tí lékeléke pọ̀ sí, tí Jẹ́jẹ́ rọra wọ inú omi dé ikùn, tí kò sì sí ẹyẹ kan tó sá fún un.

Etí odò yẹn ni wọ́n ti rí àwọn labalábá. Wọ́n pọ̀ lórí iyanrìn tútù, aláwọ̀ ìyeyè, bí ẹni pé ẹnì kan da òdòdó síbẹ̀. Bọ̀dá Aago mú awò kékeré tó máa ń fi sójú nígbà tó bá ń tún aago ṣe jáde lápò.

"Ẹ wá. Ẹ fi èyí sójú. Ẹ má mí."

Ó rí ìyẹ́ labalábá kan tó já bọ́ sílẹ̀, ó sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà. Obìnrin náà fi awò náà sójú, ó sì tẹrí ba wò ó.

"Ìpẹ́ ló wà lára ẹ̀! Bí ìpẹ́ ẹja! Wọ́n tò ó léra wọn wínníwínní…" Ó yọ awò náà, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ta ló wá ráyè to gbogbo èyí?"

Inú ọkùnrin náà dùn débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Láti ọdún tó ti ń tún aago ṣe, kò tíì rí ẹni tó fẹ́ wo ohun tí òun ń wò.

Ohun tó wà nítòsí ni Bọ̀dá Aago mọ̀ ọ́n wò. Ohun tó jìnnà ni obìnrin náà mọ̀ ọ́n wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, níbi tí wọ́n tún ti dúró, obìnrin náà nàka sí ọ̀ọ́kán.

"Ẹ rí àwọn igi tó wà níbi òkè yẹn? Wọ́n ti ń funfun. Òjò ni. Ká wọlé."

"Ojú ọ̀run mọ́ kedere."

"Mo ní ká wọlé!"

Wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tán tí òjò fi dé. Ó rọ̀ bí ẹni da omi látinú àgbá. Wọn ò rí iwájú, wọn ò rí ẹ̀yìn. Jẹ́jẹ́ tó ti tutù rinrin gbọn ara rẹ̀, gbogbo omi náà sì bọ́ sí wọn lójú.

"Gbé ajá ẹ kúrò lọ́rùn mi, jàre!" ni obìnrin náà ké.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń pè yín ní ìwọ."

Ọkùnrin náà ń fi apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nujú. "Má dá a padà sí ẹ̀yin mọ́," ó ní. "Ó dùn mọ́ mi báyẹn."

Òjò ń rọ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ní, "Èmi náà ò lè máa pè ẹ́ ní Ìyá Bíréèkì. Kí ni kí n máa pè ẹ́?"

"Èyí tó bá ti wù ẹ́."

"Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?"

"Ìyẹn náà dáa," obìnrin náà ní, ó sì yíjú sí ojú fèrèsé kó má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ilé àlejò kékeré kan ni wọ́n sùn, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba inú igbó ńlá kan kọjá. Oòrùn ń yọ́ wọlé láàárín ewé, ọ̀nà náà sì tutù, ó ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú. Níbikíbi tí wọ́n bá dúró, obìnrin náà máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ọ̀bọ la rí báyìí. Mẹ́fà! Ọ̀kan gbé ọmọ sẹ́yìn… Ẹ ti jẹun? Ẹ ti lo oògùn?"

Ó wá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun ti pín lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún, ẹsẹ̀ ló fi rìn ín. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀. Ọkùnrin kan ti wá fẹ́ òun lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀gá ilé-ìwé ni, èèyàn dáadáa lójú ayé. Ọkùnrin yẹn gbà láti fẹ́ òun, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn gbé bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó.

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo fi ọ̀nà tó gbà wọlé hàn án." Ó di sítíárìn mú gírígírí. "Bàbá yẹn ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Ó sáré tẹ̀ lé mi láti òwúrọ̀ títí dọ̀sán. Mi ò lè fi í sílẹ̀ níbì kankan. Ọkùnrin tó bá fẹ́ mi, ilé bàbá mi ló máa gbà wá bá mi."

Bọ̀dá Aago fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀wọ̀ tó ní fún obìnrin náà pọ̀ sí i, ọkàn rẹ̀ sì bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo máìlì tí wọ́n ń rìn yìí, wọ́n ń gbé e kúrò nílé bàbá obìnrin náà ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀nà gun òkè kan, nígbà tí wọ́n sì dé orí rẹ̀, òkun yọ sí wọn. Obìnrin náà tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Kò sí itọ́ lẹ́nu ajá.

"Mi ò rí i rí," ó ní. "Ṣé bó ṣe tóbi tó rèé?"

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ gbé imú sókè, etí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lára.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Bọ̀dá Aago wí, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn létí. Mo kàn nífẹ̀ẹ́ rẹ ni."

"Mo mọ̀," obìnrin náà dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti ń ṣe èmi náà látìgbà òjò." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àmọ́ wò ó, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà níwájú, bàbá mi wà lẹ́yìn. Ta la fẹ́ já sílẹ̀ nínú wọn?"

Wọ́n padà sínú ọkọ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú etíkun.

Ẹ̀gbọ́n ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ó sanra, ó fi gíláàsì sójú, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ fún èèyàn pé kó tẹra mọ́ ọn. Ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀ títí gíláàsì fi wọ́. Ó fún wọn lóúnjẹ, ó sì ní kí obìnrin náà sùn kó tó padà. Ó ń wo àwọn méjèèjì látorí oúnjẹ dé orí oúnjẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Aago sin obìnrin náà dé ìdí ọkọ̀.

"O ṣé," obìnrin náà ní. "Mo dúpẹ́ gan-an ni. Mi ò rí ọjọ́ mẹ́ta tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì rí èyí tó kúrú tó bẹ́ẹ̀."

Ó fọwọ́ pa Jẹ́jẹ́ lórí, ó wọ ọkọ̀, ó sì lọ.

Fún ọjọ́ márùn-ún, Bọ̀dá Aago to irinṣẹ́ rẹ̀ sínú yàrá iwájú, ó tú u, ó tún un tò. Aládùúgbò kan gbé aago wá, ó tún un ṣe, ó sì fi ọwọ́ wákàtí síbi tí ọwọ́ ìṣẹ́jú yẹ kó wà. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ẹ̀gbọ́n wọlé wá bá a níbẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

"Àbúrò mi, kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti gbẹ̀bí fún obìnrin tó ń sọ fún mi pé kò dun òun, orí ọmọ sì ti yọ! Kí lo lè fi pa mọ́ fún mi?"

Ni ọkùnrin náà bá sọ gbogbo ẹ̀. Ó sọ ti labalábá, ó sọ ti òjò, ó sọ ti orí òkè. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun rò pé òun jẹ́ aláìmoore, torí òun mọ gbogbo ohun tó ṣe fún òun.

"Obìnrin náà ńkọ́? Kí ló dé tí kò dúró?"

"Ara bàbá ẹ̀ ò yá. Ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀. Ẹnì kan ti fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ tó ní kó gbé bàbá náà sọ síbì kan, ó lé e lọ."

Ẹ̀gbọ́n yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó nù ún ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ọkùnrin kan wà nígbà kan," ó ní. "Awakọ̀ ojú irin. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ó ní òun máa fẹ́ mi, àmọ́ ká mú ọmọ kékeré yẹn lọ sílé àwọn aláìlóbìí. Ìwọ ni ọmọ yẹn. Mo ní kó máa lọ."

Bọ̀dá Aago kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi… ṣé ẹ kábàámọ̀ ẹ̀?"

"Nígbà míì, tí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè. Kì í pẹ́." Ó dá gíláàsì padà sójú. "Obìnrin tó ṣe irú nǹkan tí èmi náà ṣe, ṣé o wá rò pé mo máa jókòó máa wò ó kó bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́?"

"Ta ló máa wá wà pẹ̀lú yín? Ẹ̀yin nìkan nínú ilé yìí?"

"Èmi nìkan?" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Ta ló sọ fún ẹ pé mo dá wà? Ìlú yìí, ìdajì wọn ni mo gbẹ̀bí ẹ̀! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọlé kí mi, mi ò tiẹ̀ ráyè sùn lọ́sàn-án. Ìwọ ni mo rò pé o dá wà, ìwọ àti ajá tí kì í sọ̀rọ̀!"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Olúkúlùkù ti rò pé èkejì ni òun ń ṣàánú. Ẹ̀rín gbé wọn, wọ́n rín in títí Jẹ́jẹ́ fi dìde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Kí n tiẹ̀ sọ òótọ́ fún ẹ," ni Ẹ̀gbọ́n wí, tó ń nu ojú, "yàrá yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e jáde. Fún mi ní nọ́ńbà ọmọ yẹn."

Ó tẹ fóònù níwájú rẹ̀.

"Ẹ ǹ lẹ́ o. Ṣé tísà ọkọ̀ nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Aago ni. Ìgbà wo lo máa ráyè wá gbé wa? … Àwa mẹ́ta ni. Èmi, òun, àti ajá. Mo fẹ́ wá rí bàbá rẹ."

Wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin náà lórí fóònù, tó ń sunkún, tó sì ń rẹ́rìn-ín pa pọ̀.

"Mò ń bọ̀, mà. Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Nígbà tí obìnrin náà wá gbé wọn, Ẹ̀gbọ́n ló jókòó síwájú. Ní ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n dúró, ó ń ráhùn pé irú ìrìn wo lèyí. Ní ibi kẹrin, ó bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ inú odò tútù kan lábẹ́ igi òpépé, ó sì di ojú.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ inú ajá yìí tí kì í gba ọkọ̀," ó ní. "Ká ní inú ẹ̀ dáa ni, à bá ti kọjá ibí yìí lọ."

Bàbá jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n kí i, ó sì sọ ohun tó gbé wọn wá láìfepo bọyọ̀: àbúrò òun fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣaya, inú ilé yìí ni yóò sì máa gbé, kò ní gbé e lọ.

Bàbá kò wo Bọ̀dá Aago. Ajá ló ń wò.

"Ìyẹn… náà… ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọgbọ̀n ọdún… ni mo fi… pín lẹ́tà. Ajá méje… ló bù mí jẹ."

Ó fi ọwọ́ òsì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì fi àpá rẹ̀ hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ àdúgbò tí ajá kọ̀ọ̀kan wà. Ìdààmú bá Bọ̀dá Aago. Ó ti ronú gbogbo nǹkan látojú ọ̀nà wá, kò ronú èyí.

Kó tó mọ ohun tó máa sọ, Jẹ́jẹ́ ti rìn lọ sọ́dọ̀ Bàbá, bí ẹni tó ru ẹyin. Ó gbóòórùn àpá náà. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó lé ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá, èyí tí àrùn mú.

Bàbá tẹrí ba wo ẹsẹ̀ náà.

"Ẹsẹ̀ yìí…" ni Bàbá wí nígbà tó yá, "mi ò… mọ nǹkan… lára ẹ̀… mọ́. Àmọ́… ó ń… móoru."

Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún.

"Ẹ jẹ́… kó dúró," ni Bàbá wí. Ó wá gbójú sókè wo Bọ̀dá Aago, ẹ̀rín sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan. "Alájá náà… lè… dúró."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba, láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá di ọwọ́ ọ̀pá mú, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé tán. Gbogbo wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sin Ẹ̀gbọ́n dé ibùdókọ̀, torí ó ní ọkọ̀ èrò lòun máa wọ̀, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbéyàwó sílẹ̀ torí òun. Bọ̀dá Aago dúró níwájú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti àná, kò rí ọ̀kan sọ. Ó kàn di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

Ìyàwó rẹ̀ ló bá a sọ ọ́.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé tí ẹ ò fi í sílẹ̀. Ẹ ṣé tí ẹ tọ́ ọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n fa ìyàwó náà mọ́ra, ó sì di í mú pẹ́. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó yíjú padà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni mò ń tọ́ ọ fún," ó ní. "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè."